Méjì Ni Àbí Méje?

Obìnrin kan pe ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú Ẹdẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fẹ́ mọ iye hóró oògùn tí bàbá rẹ̀ yóò lò kí ó tó sùn. Nọ́ọ̀sì ní, "Méjì." Obìnrin náà ní, "Ẹ ní méje?" Nọ́ọ̀sì gbóhùn sókè: "Méjì, mà! Méjì, bí ìbejì!" Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó pòṣé, ó ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà." Gbogbo àwọn tó jókòó de dókítà mi orí, wọ́n ní òótọ́ ni. Èmi nìkan ni kò bá wọn mi orí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Íntánẹ́ẹ̀tì tó wọ ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ yẹn já gaara; akọ̀wé wọn ń wo fídíò lórí rẹ̀, kò sì dúró lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó gé ọ̀rọ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́nu ni àpótí kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, tí iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ìwòsàn náà kò sì tíì ṣí ojú ìwé ètò rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀. Gateway ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹnubodè ni. Ọwọ́ rẹ̀ kan di okùn tẹlifóònù àtijọ́ mú, èyí tó lọ sórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ kejì di íntánẹ́ẹ̀tì mú. Ohùn tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sọ ọ́ di nọ́ńbà, á dì í sínú àpò kéékèèké, á wá fi í ránṣẹ́. Bí yóò ṣe gé e, bí àpò náà yóò ṣe tóbi tó, ohun tí yóò kà sí ọ̀rọ̀ àti ohun tí yóò kà sí ariwo lásán, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ètò ohùn tí ọmọ ènìyàn lè fọwọ́ yí padà.

Èrò tó gbòde, lọ́dọ̀ oníṣẹ́ àti lọ́dọ̀ oníbàárà, ni pé kí á fi ètò náà sílẹ̀ bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ dé. Má fọwọ́ kàn án kó má baà bàjẹ́. Bí iná bá ti tàn, tí fóònù bá ti dún, iṣẹ́ parí, kí oníṣẹ́ gba owó rẹ̀ kó máa lọ. Bí ohùn bá wá ń já, tàbí tó ń padà, ẹjọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ní Òṣogbo. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n wa ní Ẹdẹ: Federal Polytechnic ti wà láti 1992, Adeleke University dé ní 2011, Redeemer's University náà ń bẹ níbẹ̀. Èrò náà dùn ún gbà nítorí pé kò dá ẹnikẹ́ni tó wà nínú yàrá lẹ́bi. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n dẹ́bi fún, afẹ́fẹ́ kò sì lè dáhùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìlú Ẹdẹ ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ti rí àyè jókòó. Ìlú yìí ni Ọba Adétóyèṣe Láoyè ti jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975, ọba tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó tún jókòó kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè wa lè mọ̀ pé ohun tí awọ ń wí kì í ṣe ariwo. Ẹ bi ọmọ Àyàn èyíkéyìí léèrè bóyá ó lè gba ìyáàlù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó gbé e kọ́ èjìká lọ sóde ìyàwó láì kọ́kọ́ fa ọsán rẹ̀ wò, láì fi kọ̀ǹgọ́ tọ́ ọ lẹ́nu wò. Yóò wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ẹni tó ṣe ìlù ṣe ìlù ni. Ẹni tí yóò fi sọ̀rọ̀ ló ń mú un bá ẹnu mu. Ọmọ ìlú tó mọ èyí nípa igi àti awọ ló wá ń sọ fún mi pé àpótí tó ti òkè òkun dé ti mọ ẹnu wa kó tó jáde nínú páálí.

Ẹlòmíì yóò ní ìlù ni ìlù, ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé: ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀. Láti ayé tẹlifóònù olókùn ni wọ́n ti fi òdiwọ̀n sí ìró tí okùn yóò gbé. Èyí tó bá ń gbọ̀n láti ìgbà 300 dé 3400 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, kó wọlé. Ìyókù, kó dúró síta. Ohùn àgbàlagbà ọkùnrin, láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, sábà máa ń gbọ̀n bí ìgbà 100 sí 150. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìpìlẹ̀ ohùn tó ń sọ bóyá igbá ni mo pè tàbí igba, ìta ló wà. Báwo la ṣe wá ń gbọ́ ara wa? Àwọn ìró tó máa ń bá ìpìlẹ̀ náà rìn, ìlọ́po rẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún, àwọn ló ń ráyè wọlé, etí wa á sì fi àwọn ọmọ mọ ibi tí ìyá wà, bí ẹni tó mọ ìlù ṣe ń gbọ́ omele lókèèrè tó sì mọ ohun tí ìyáàlù ń ṣe. Kí gateway tó fọwọ́ kan ohùn Yorùbá, ohùn náà ti rù. Kò sí ẹran púpọ̀ lára rẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni tún lè máa gé láìbìkítà.

Èyí tó mú jù nínú àwọn ọ̀bẹ náà ni ohun tí ojú ìwé ètò ń pè ní silence suppression, tàbí VAD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, kí ẹ̀rọ má fi àpò òfìfo ránṣẹ́. Ọgbọ́n ni lójú ẹni tó ń ṣọ́ dátà, torí pé bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹnì kejì á máa gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ìdákẹ́jẹ́. Ohun tó mọ̀ ni pé ohùn ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Ibo wá ni ohùn ti máa ń rẹlẹ̀ jù nínú èdè wa? Ìparí gbólóhùn ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ ló parí rẹ̀. Ẹ pe méjì kí ẹ fetí sí ara yín: ohùn òkè, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀ tó ń rọlẹ̀ bí arúgbó tó ń jókòó. Bí ọ̀bẹ bá bọ́ síbẹ̀, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló kù, ẹni tó wà lódìkejì á fi èyí tó bá wá sí i lọ́kàn dí i. Hóró oògùn márùn-ún ló wà láàrin méjì àti méje.

Ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tún burú ju ìparí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn díẹ̀ kó tó gbà pé ẹnu ti là, ìyẹn ló fi máa ń jẹ́ pé fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ló ń ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì lè fara da èyí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò ṣẹlẹ̀, àárín gbólóhùn ni wọ́n máa ń gbé e sí. Àwa ńkọ́? Àwọn ìwé á kọ ọ́ pé "kò san," ṣùgbọ́n ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà? "Ò san" la máa ń wí. Ó san: ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ò san: gbèsè ṣì wà lọ́rùn. Lẹ́tà kan náà, ohùn méjì, ní ibi tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ti máa ń bọ́ sí jù. Ẹ wo alájọ tó ń pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ọjà Tìmì láti béèrè àwọn tó ti dá owó lónìí. Bí fáwẹ̀lì yẹn bá bọ́, ẹni ẹlẹ́ni ti di ajẹgbèsè, tàbí kí ajẹgbèsè di ọmọlúàbí.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀rọ tó dára máa ń ní sùúrù díẹ̀ kí wọ́n tó gé ohùn. Bí ó bá ní sùúrù, kò ní gé púpọ̀. Bí kò bá gé púpọ̀, kí ni èrè rẹ̀? Ẹ pa á.

Dátà ni èrè rẹ̀, ni àwọn alátakò mi ń wí, ẹnu wọn sì gbọ́n nílẹ̀ yìí torí pé kò sí ẹni tí dátà kò dùn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ́ sórí ọ̀nà ìdìhùn, èyí tí wọ́n ń pè ní codec. Wọ́n ní G.711, èyí tí ITU, àjọ tó ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún tẹlifóònù lágbàáyé, fọwọ́ sí ní Geneva ní 1972, ń jẹ 64 kilobit láàrin ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí G.729 ti 1996 ń jẹ 8 péré. Ta ni yóò san mẹ́jọ síbi tí ẹyọ kan ti tó? Ìṣirò yìí dùn létí, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé àpò. Gbogbo àpò ohùn tó bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń ru àdírẹ́sì tó tó 40 byte, yálà ẹrù inú rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀. Bí wọ́n ṣe sábà ń tò ó, àpò 50 ló ń lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá, àti pé byte ohùn 20 péré ni G.729 ń fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò wúwo ju gaàrí inú rẹ̀ lọ. 8 ti di 24, 64 ti di 80, ìlọ́po mẹ́jọ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ti di ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀. Ìpè wákàtí kan gbáko, lílọ àti bíbọ̀, ń jẹ nǹkan bíi 72 megabyte lórí G.711, nǹkan bíi 22 lórí G.729. Ilé iṣẹ́ tí akọ̀wé rẹ̀ ń wo fídíò láti àárọ̀ ló ń ṣọ́ 50 megabyte lẹ́nu nọ́ọ̀sì.

N kò ní purọ́ mọ́ G.729. Ẹni tó bá ní ó ń pa àmì ohùn wa rẹ́ pátápátá kò sọ òótọ́. Ó ní ibi pàtó nínú àpò rẹ̀ tó máa ń kọ gíga ohùn sí. Níbi tí ìlà kò bá ti lágbára rárá, èmi náà á lò ó. Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni pé ìpè tó ti orí fóònù alágbèéká wá ti gba ìdìpọ̀ kan kọjá lọ́nà. Bí gateway bá tún tú u, tó tún dì í ní ìlànà mìíràn, ó di ìròyìn tó gba ẹnu ẹni mẹ́ta kó tó kan ẹni tí wọ́n rán an sí. G.711 kò ní dá ohun tó ti sọnù padà, ṣùgbọ́n kò ní fi sísọnù mìíràn lé e.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ̀ jù wá lọ. Wọ́n mọ̀ jù wá lọ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó gbogbo ojú ìwé ètò wọ̀nyẹn síbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè mọ ẹnu oníbàárà òun ló ń fi ọsán sílẹ̀ lára ìlù. Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ètò aláìmẹ́yà; etí ẹnì kan ni. Ẹ̀yà méjì ni G.711 ní, µ-law àti A-law; ọ̀pọ̀ àpótí ló máa ń to µ-law síwájú A-law nínú àwọn ọ̀nà ìdìhùn, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà àti Japan ló ń lo ti àkọ́kọ́. Nàìjíríà, bíi Yúróòpù, A-law la bá dàgbà. Ìyẹn nìkan kò ba ohùn jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí wọ́n ní lọ́kàn hàn. Àwọn tí àpótí wọn bá ṣì so mọ́ ìlà olókùn mọ èyí tó burú jù: bí ẹ̀rọ kò bá dá dídún ìlà wa mọ̀ nígbà tí ẹni tó pè ti gbé fóònù kalẹ̀, yóò di ìlà náà mú, yóò máa dúró de ẹni tó ti lọ sùn.

Àtúnṣe kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ń ṣe, bí oníbàárà bá pariwo, ni kí wọ́n fi kún ìró. Wọ́n á gbé e lọ sókè ní decibel 6, ìgbì ohùn á ga ní ìlọ́po méjì, orí rẹ̀ á kan àjà, àjà á gé e. Ohùn á wá ki, á ya, bíi ti gbohùngbohùn ilé ìjọsìn tí oníwàásù gbé sẹ́nu jù. Ohùn tó pọ̀ jù náà á ta padà níbi tí okùn àtijọ́ ti pàdé ẹ̀rọ, ẹni tó wà lódìkejì á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tún dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nọ́ọ̀sì tó ń pariwo "bí ìbejì" kò yàtọ̀ sí wọn: àìsí ìró kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dé.

Ọ̀rọ̀ ìdádúró wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mi ò sì lè fi í sílẹ̀ nítorí ìwà wa ló kàn. Gateway máa ń dá àwọn àpò dúró díẹ̀ kí èyí tó pẹ́ lọ́nà lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Jitter buffer ni wọ́n ń pè é. Bí a bá dín in kù jù, ọ̀rọ̀ á máa já. Bí a bá sọ ọ́ di ńlá jù, ìdákẹ́jẹ́ á wọ àárín ẹni méjì. ITU ní kí gbogbo ìdádúró láti ẹnu dé etí má ju ìdá 150 nínú ìdá 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ bí a bá fẹ́ kí ìtàkùrọ̀sọ já geere. Ẹ wá wo bí a ṣe ń kíra. Ẹ̀gbọ́n ní, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò ti ń dáhùn kí ẹ̀gbọ́n tó pa ẹnu dé. Ẹ̀gbọ́n tún ń bi í nípa àwọn ọmọ, àbúrò ń fi "hẹ̀n-ẹn" gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ìkíni wa kì í tò lẹ́yìn ara wọn bí ọkọ̀ ojú irin. Ṣe ni wọ́n ń wọ inú ara wọn. Bí ìdádúró bá pọ̀, "hẹ̀n-ẹn" àbúrò á bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kò mọ jitter buffer. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọdé kan já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìdáhùn tí wọ́n máa ń jù sí mi kẹ́yìn ni pé láti oṣù kẹjọ 2001 tí GSM ti dé la ti ń sọ Yorùbá lórí fóònù, a sì ń gbọ́ ara wa. À ń gbọ́ ara wa, bẹ́ẹ̀ ni. Iye ìgbà tí a ń sọ "ẹ ní kí ni?" ńkọ́? Ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣeré lè tún ọ̀rọ̀ sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé ìwòsàn, ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń gbé gateway sí, níbi tí ẹni tó pè ti ń ka iye kirẹ́díìtì tó kù fún un, tó sì ń tijú láti béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Àwa la ń fi ẹnu wa ṣe àtúnṣe tí oníṣẹ́ kò fi ìka ṣe.

Ibi tí oníṣẹ́ ti ń tan ara rẹ̀ jẹ gan-an ni ìdánwò. Bó bá so àpótí náà tán, yóò gbé fóònù, yóò ní, "Hello, hello, testing, one two three." Ẹnì kejì á ní ó ń gbọ́ ketekete. Báwo ni kò ṣe ní gbọ́? Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣáájú ni, nínú èdè tí gíga ohùn kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ìdajì rẹ̀ lè bọ́ sódò Ọ̀ṣun kí á ṣì mọ ohun tó wí. Wọ́n fi èdè tí àléébù ẹ̀rọ náà kò lè fara hàn nínú rẹ̀ dán an wò, wọ́n wá gbé e fún àwọn tí yóò máa sọ èyí tí àléébù náà ń pa.

A padà ṣí ojú ìwé ètò àpótí ilé ìwòsàn yẹn. Silence suppression wà ní títàn. G.729 nìkan ni wọ́n gbà láàyè. Ẹnì kan sì ti fi decibel 6 kún ìró tó ń wọlé, kò sí ẹni tó rántí ẹni náà. A pa ti àkọ́kọ́, a to G.711 A-law síwájú, a dá ìró padà sí òdo. Gbogbo rẹ̀ kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wá bẹ ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ìwòsàn náà, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó bá wa mú fóònù lọ sí ẹnu géètì. Nọ́ọ̀sì ń pe ọ̀rọ̀ láti orí tábìlì rẹ̀, ìyá ń tún un pè padà. Igba, igbá. Wọ́n bára mu. Méje, méjì. Wọ́n bára mu. Ogún, ọgbọ̀n. Èyí gbà á lẹ́ẹ̀mejì, torí ọ̀kadà kan tó kọjá. Nọ́ọ̀sì ní, "Ó san." Ìyá ní, "Ó san." Nọ́ọ̀sì rọ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ò san."

Ìyá dákẹ́ díẹ̀. "Ta ni ò san?" ló bi wá. "Èmi ti san tèmi o."